Onídùúró àti Alámòójútó: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Ṣẹ́rí Ọ̀dọ́ Kúrò Lọ́nà Ẹ̀wọ̀n

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò jẹ mọ́ ọmọ tí ó lùfin, ṣùgbọ́n tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ sọ ènìyàn di ẹlẹ́wọ̀n. Ó jí nǹkan díẹ̀ lọ́jà. Ó sọ òkò, ó fọ́ gíláàsì mọ́tò. Ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, ó sì fi ọgbẹ́ sí i lára. Ọlọ́pàá mú un. Kí ni kí a ṣe fún un? Àwọn kan á ní kí òfin ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó lè kọ́gbọ́n. Àwọn mìíràn á ní ọmọdé ni, kí a fi í sílẹ̀ kí ó máa lọ. Láàrin ọ̀nà méjì yìí ni ọ̀nà kẹta wà: kí a ṣẹ́rí ọmọ náà kúrò lọ́nà kóòtù àti ẹ̀wọ̀n, kí a fà á lé àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́, kí ó tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe, kí ẹnì kan sì máa mójú tó o títí di ọjọ́ tí a dá. Ìlànà yìí ni n óò máa pè ní ìṣẹ́rí nínú ọ̀rọ̀ mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìtàn jẹ́rìí sí ni pé kì í ṣe ìwé òfin ni ó ń mú ìṣẹ́rí yọrí. Ẹni tí ń mójú tó ọmọ ni. Níbi tí ẹni náà bá wà, tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ náà sì ní ààlà, ọmọ a máa rí ọ̀nà là. Níbi tí kò bá sí, orúkọ lásán ni ìlànà náà ń jẹ́.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ méjì tí yóò ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá lọ gba béèlì ènìyàn ní àgọ́ ọlọ́pàá ni à ń pè ní onídùúró. Dídúró ni iṣẹ́ rẹ̀: ó dúró fún ẹlòmíràn, bí onítọ̀hún bá sá lọ, òun ni wọn yóò dì mú. Ẹnì kejì ni alámòójútó. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí a óò bá nínú rẹ̀ ni “mú ojú tó”, èyíinì ni pé kí ẹnì kan rí i pé ojú òun tó ohun tí a fi sí ìkáwọ́ òun. Onídùúró lè fọwọ́ sí ìwé kí ó gba ilé rẹ̀ lọ. Alámòójútó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ jẹ́ ìtàn bí iṣẹ́ onídùúró ṣe di iṣẹ́ alámòójútó, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn ìjọba gbàgbé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì.

Aránbàtà Ìlú Boston

Ní ìlú Boston, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ John Augustus. Aránbàtà ni. Kì í ṣe lọ́yà, kì í ṣe ọlọ́pàá, ìjọba kò sì fi í sí ipò kankan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1841, ó wà ní kóòtù nígbà tí wọ́n mú ọkùnrin kan wọlé, tí ẹ̀sùn rẹ̀ jẹ́ ìmukúmu ọtí. Augustus bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ṣèlérí pé bí òun bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n, òun kò ní fẹnu kan ọtí mọ́. Ni Augustus bá dúró fún un. Adájọ́ ní kí ó mú un padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà dé, ara ọkùnrin náà ti yá, ìrísí rẹ̀ sì ti yàtọ̀ pátápátá sí ti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú un wá. Dípò ẹ̀wọ̀n, sẹ́ńtì kan péré ni adájọ́ bù lé e gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, pẹ̀lú owó kóòtù.

Kò pẹ́ tí Augustus fi bẹ̀rẹ̀ sí dúró fún àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1847, ó gba béèlì àwọn ọmọkùnrin 19, tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 7 sí 15. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí ó ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Òun àti kóòtù jọ fẹnu kò pé kí a máa sún ẹjọ́ àwọn ọmọ náà síwájú láti ìjókòó kan dé èkejì, kí a fi dán wọn wò. Ní oṣooṣù, bí wọ́n bá ti pe ẹjọ́ wọn, Augustus á fara hàn, á sì ròyìn bí nǹkan ti ń lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe fún nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Nígbà tí àkókò pé, méjìlá nínú wọn jọ wá sí kóòtù lẹ́ẹ̀kan náà. Adájọ́ rí wọn, inú rẹ̀ dùn, ó sì bu sẹ́ńtì mẹ́wàá lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méje nínú wọn kò rí ìyẹn pàápàá san. Augustus ni ó san án fún wọn.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ojú àánú lásán ni ọkùnrin yìí fi ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá rí ní kóòtù ni ó ń dúró fún. Ó kọ́kọ́ ń wádìí: ọmọ ọdún mélòó ni? Irú ìwà wo ni ó ti ń hù bọ̀? Àwọn wo ni yóò yí i ká bí ó bá padà sílé? Bí ó bá sì gbà láti dúró, ó ń ṣe àdéhùn pẹ̀lú kóòtù pé òun óò máa ṣọ́ ìwà ọmọ náà, pé òun óò rí i pé ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí lẹ́nu iṣẹ́, àti pé òun óò ròyìn láìṣe ojúsàájú nígbà tí kóòtù bá béèrè. Ohun mẹ́rin ni a rí kọ́ níbẹ̀: ìwádìí kí a tó dúró, iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ fún ọmọ, ìròyìn ní ọjọ́ tí a dá, àti òpin tí ọmọ, òbí àti adájọ́ jọ mọ̀. Ohun mẹ́rin yìí ni ó sọ ìdúró di àmójútó.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn fún un. Láti inú àpò ara rẹ̀ àti ti àwọn aláàánú ni owó ti ń wá, iṣẹ́ bàtà rẹ̀ sì dẹnu kọlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù kan kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, nítorí pé owó wà tí wọ́n ń gbà lórí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú lọ sí ẹ̀wọ̀n; gbogbo ẹni tí Augustus bá dúró fún, owó ibẹ̀ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Síbẹ̀, àwọn tí ó dúró fún kí ó tó kú ní ọdún 1859 jẹ́ 1,946, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, lágbà àti lọ́mọdé. Ní ọdún 1878, ọdún 19 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣe òfin pé kí ìlú Boston gba òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí a sì máa san owó oṣù fún un. Ohun tí aránbàtà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ti di iṣẹ́ ìjọba.

Òfin Láìsí Owó

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1899, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Illinois, tí ó dá kóòtù ọmọdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Chicago. Ọjọ́ kẹta oṣù náà ni kóòtù ọ̀hún kọ́kọ́ jókòó, adájọ́ Richard Tuthill ni ó sì wà níbẹ̀. Òfin náà kò fẹ́ kí a máa ṣe ọmọdé bí ọ̀daràn. Ó fẹ́ kí a fi ọmọ sílẹ̀ nínú ilé àwọn òbí rẹ̀ níbi tí ó bá ṣeé ṣe, kí alámòójútó sì máa bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù ńlá kan wà lára rẹ̀: ó ní kí kóòtù yan àwọn alámòójútó, kò sì gbà kí a fi owó ìjọba san owó iṣẹ́ wọn.

Bí kì í bá ṣe ti àwọn obìnrin Chicago ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbá parí sí. Lucy Flower àti Julia Lathrop wà lára àwọn tí ó jà kí òfin náà tó jáde. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn náà ni ó ń dá owó jọ tí a fi ń san owó àwọn alámòójútó. Alzina Stevens, tí ó ń gbé ní Hull House níbi tí Jane Addams ti ń ran àwọn tálákà lọ́wọ́, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Ó di ọdún 1905 kí òfin tó gbé ìnáwó náà lé ìjọba lọ́rùn. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ìtàn yìí ń wí. Fún ọdún mẹ́fà, kóòtù tí gbogbo ayé ń yìn wà, ṣùgbọ́n owó tí àwọn obìnrin ń tọrọ ni ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ìjọba tí ó bá ṣe òfin ìṣẹ́rí tí kò pèsè owó alámòójútó dà bí ẹni tí ó kọ́lé tí kò kan òrùlé: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ń rí i bí ilé, bí òjò bá dé, ìdí rẹ̀ á hàn.

Nígbà Tí Ojú Bá Pọ̀ Jù

Títí dé ìhín, ó lè dà bí ẹni pé bí alámòójútó bá ṣáà ti wà, tí owó sì wà, ó parí. Kò parí. Ojú tí kò tó kò dára, ṣùgbọ́n ojú tí kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró náà ń ṣe ibi.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ọdún 1964, ní ìpínlẹ̀ Arizona, wọ́n mú ọmọ ọdún 15 kan tí ń jẹ́ Gerald Gault. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó fi tẹlifóònù sọ ìsọkúsọ sí obìnrin aládùúgbò kan. Kì í ṣe ọmọ tí ojú kò tíì tó. Ó ti wà lábẹ́ alámòójútó kóòtù kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò fi ìsọfúnni sílẹ̀ fún wọn pé a ti mú ọmọ wọn lọ. Wọn kò bá a wá lọ́yà. Obìnrin tí ó fi ẹjọ́ sùn kò fẹsẹ̀ kan kóòtù. Síbẹ̀ adájọ́ rán ọmọ náà lọ sí ilé ìtọ́nisọ́nà títí yóò fi pé ọmọ ọdún 21. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ni ó ṣe irú rẹ̀, ohun tí ó pọ̀ jù tí òfin ibẹ̀ lè fún un ni owó ìtanràn 50 dọ́là tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, kóòtù tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé èyí kò tọ́: ọmọdé ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹ̀sùn tí a fi kàn án, láti ní lọ́yà, láti rí ẹni tí ń jẹ́rìí sí i kí a sì bi í léèrè, àti láti pa ẹnu mọ́ bí ọ̀rọ̀ yóò bá kó bá a.

Ní ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Lyndon Johnson gbé kalẹ̀ dábàá pé kí a dá àwọn ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ ní àdúgbò, tí ọlọ́pàá àti kóòtù yóò lè máa darí àwọn ọ̀dọ́ sí. Owó ìjọba àpapọ̀ wọlé, ètò ìṣẹ́rí sì tàn káàkiri Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí, wọ́n rí ohun tí ó ṣe wọ́n ní kàyéfì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó wà nínú ètò wọ̀nyí kì í ṣe àwọn tí ìbá dé kóòtù. Àwọn tí ọlọ́pàá ìbá kìlọ̀ fún kí wọ́n sì rán padà sílé lásán ni. Stanley Cohen, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ náà, fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún wé àwọ̀n apẹja: a ní a fẹ́ tú ẹja sílẹ̀ nínú àwọ̀n, àṣé a tún ń fẹ àwọ̀n lójú omi, a sì ń sọ ojú rẹ̀ di wẹ́wẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tí alámòójútó gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ kí ó tó kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé: bí kò bá sí ètò tèmi, níbo ni ọmọ yìí ìbá wà lónìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ “nílé bàbá rẹ̀,” kí ó jẹ́ kí ó máa lọ sílé bàbá rẹ̀.

Ìpàdé Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ àti Ẹni Tí A Ṣẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣe ọ̀rẹ́. Ẹni tí a ṣẹ̀ ni òwe yìí ń rán wa létí, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ, àárín ọmọ, adájọ́ àti alámòójútó ni ọ̀rọ̀ wà. Ọlọ́jà tí a jí ẹrù rẹ̀ ńkọ́?

Ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Elmira, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì mu ọtí yó ní òru ọjọ́ kan ní oṣù karùn-ún ọdún 1974. Wọ́n bẹ́ táyà mọ́tò, wọ́n fọ́ fèrèsé, wọ́n ba ohun ìní ènìyàn 22 jẹ́. Wọ́n jẹ́wọ́ ní kóòtù. Alámòójútó kóòtù kan, Mark Yantzi, àti Dave Worth tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọ Mennonite, wá dábàá ohun tí adájọ́ Gordon McConnell kò gbọ́ rí: kí àwọn ọ̀dọ́ náà lọ bá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ lójúkojú. Adájọ́ gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń sọ pé àwọn ni àwọn ṣe é, wọ́n ń gbọ́ bí ó ti dun onílé tó, wọ́n sì ń bèèrè iye tí ó bàjẹ́. Yantzi àti Worth tẹ̀ lé wọn, wọ́n dúró sẹ́yìn, wọ́n ń ṣe àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò bá wọn sọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ. Láàrin oṣù mélòó kan, wọ́n san gbèsè náà. Láti ibẹ̀ ni ètò ìlàjà láàrin ẹni tí ó ṣẹ̀ àti ẹni tí a ṣẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ní New Zealand, àwọn Màórì ti ń ké pé ìjọba ń kó àwọn ọmọ àwọn kúrò nínú ẹbí lọ sí ilé ìtọ́mọ. Ìròyìn ìgbìmọ̀ kan tí John Rangihau ṣe alága rẹ̀ sọ ọ́ kedere ní ọdún 1986. Ní ọdún 1989, wọ́n ṣe òfin tuntun tí ó gbé ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó lùfin wá síwájú ìpàdé ẹbí. Ọmọ náà, ẹbí rẹ̀, ẹni tí a ṣẹ̀ àti ọlọ́pàá á jókòó. Ẹbí á yà sí ọ̀tọ̀ láti gbìmọ̀. Wọn á wá fẹnu kò sórí ohun tí ọmọ yóò ṣe àti ìgbà tí yóò parí rẹ̀. Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí baálé ṣe ń pe ìpàdé agbo ilé ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a sábà máa ń gbàgbé nínú ìpàdé tiwa: bí wọ́n bá ti bẹ ẹni tí a ṣẹ̀ tán, tí ọmọ ti dọ̀bálẹ̀, olúkúlùkù á tú ká, kò sì sí ẹni tí yóò bèèrè lọ́sẹ̀ kẹta bóyá ọmọ náà ṣe ohun tí ó ṣèlérí. Ẹ̀bẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Àmójútó ni ó ń sọ ọ́ di àtúnṣe.

Nílẹ̀ Tiwa

Ní ọdún 1943 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Nàìjíríà. Ìlú Èkó ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù nígbà náà, níbi tí Donald Faulkner ti jẹ́ òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ìtọ́jú ará ìlú, èyí tí àwọn ènìyàn wa sọ di wẹ́fíà. Òfin yẹn fún adájọ́ ní ọ̀nà púpọ̀: ó lè fi ọmọ sábẹ́ alámòójútó, ó lè fà á lé ìbátan tàbí ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán lọ́wọ́, ó lè ní kí a nà án ní pàṣán, ó sì lè rán an lọ sí ilé ìtọ́nisọ́nà. Nítorí náà, àmójútó kì í ṣe àlejò nínú òfin wa.

Ní ọdún 1985, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè máa ṣẹ́rí ọmọ kúrò ní kóòtù níbi tí ó bá tọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 gba ìlànà yìí wọlé. Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007. Apá 209 nínú òfin ọdún 2003 fún ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò ìjọba ní agbára láti parí ọ̀rọ̀ ọmọ tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò wúwo láìgbé e lọ sí kóòtù. Àwọn ọ̀nà tí ó kà sílẹ̀ ni àmójútó, ìtọ́sọ́nà, dídá ohun tí a mú padà, àti sísan ohun ìtánràn fún ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹ wò ó: àmójútó ni òfin kọ́kọ́ dárúkọ.

Ohun mìíràn tún wà nínú apá náà tí ó kan ẹ̀yin olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí òfin ń sọ ìgbà tí ìṣẹ́rí fi lè wáyé, ó ní bí ẹbí, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn bá ti ṣe ohun tí ó tọ́, tàbí tí ó dájú pé wọn yóò ṣe é. Ó dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Ìyẹn ni pé ọlọ́pàá tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè wo ojú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó pinnu bóyá kóòtù ni tàbí ilé. Bí ọ̀gá náà bá ti pa orúkọ ọmọ rẹ́ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní ọjọ́ tí a mú un, ó ti gé ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ tí òfin fẹ́ fi dúró. Bí ó bá sọ pé, “Ẹ dá a padà fún wa, olùkọ́ báyìí ni yóò máa mójú tó o, ọjọ́ báyìí ni a óò wá ròyìn fún yín,” ó ti ṣe fún ọmọ náà ohun tí aránbàtà Boston ṣe fún ọmọ 19.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ jẹ́ kí a kó ọ̀rọ̀ wa jọ. Augustus kọ́ wa pé kí a wádìí kí a tó dúró, kí a rí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ fún ọmọ, kí a ròyìn lọ́jọ́ tí a dá, kí a sì mọ ọjọ́ tí yóò parí. Chicago kọ́ wa pé alámòójútó tí kò rí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò lè pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Arizona kọ́ wa pé inú rere kò lè rọ́pò ẹ̀tọ́ ọmọ, àwọ̀n àwọn ọdún 1970 sì kọ́ wa pé kí a má ṣe wá ọmọ tí ń lọ jẹ́jẹ́ ní ọ̀nà rẹ̀ kún àkọsílẹ̀ wa. Elmira àti New Zealand kọ́ wa pé kí ẹni tí a ṣẹ̀ wà níbẹ̀, kí ọmọ sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Àwọn tí ń fẹ́ kí a ti ọmọ mọ́lé rí ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Àwọn tí ó ní kí a fi í sílẹ̀ lásán rí ọwọ́ òsì nìkan. Alámòójútó ni ó ní ọwọ́ méjèèjì. Bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde, tí ẹ di olùkọ́, tàbí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, tàbí ọlọ́pàá, tàbí adájọ́, ọmọ kan yóò dúró níwájú yín lọ́jọ́ kan, orí rẹ̀ á wà nílẹ̀, ẹnì kan á sì bèèrè pé, “Ta ni yóò dúró fún un?” Kí ẹ tó dáhùn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ojú yín yóò tó o.